Ẹ Jọ̀wọ́, Ẹ Ṣí Láàbù fún Wa Lọ́jọ́ Sátidé: Lẹ́tà Ṣíṣí sí Kọmíṣánnà fún Ètò Ẹ̀kọ́ ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun

Sí Ọlọ́lá Jùlọ, Kọmíṣánnà fún Ètò Ẹ̀kọ́,
Sẹkitéríàtì Ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun,
Abéré, Òṣogbo.

Ẹ̀yin ọlọ́lá,

Mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, mo sì kí gbogbo òṣìṣẹ́ abẹ́ yín kú iṣẹ́ ìlú. Aláró ni mí ní Òṣogbo. Àdìrẹ ni mò ń ṣe, iṣẹ́ tí mo bá lọ́wọ́ ìyá mi, tí òun náà bá lọ́wọ́ ìyá tirẹ̀, ṣọ́ọ̀bù mi kò sì jìnnà sí Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun. Ọmọ mẹ́ta ni Ọlọ́run fi ta mí lọ́rẹ. SS2 ni mo wà nígbà tí bàbá mi jáde láyé, ọdún náà gan-an ni ilé ẹ̀kọ́ sì parí fún mi. Ọdún mẹ́rìnlá lẹ́yìn ìgbà náà ni mo tó tún ìwé ṣí, tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í dá múra ìdánwò ìwé mẹ́wàá sílẹ̀ fúnra mi, lórí àpótí nínú ṣọ́ọ̀bù, láàárín ìkòkò aró. Ó gbà mí ní ọdún mẹ́ta àti ààbọ̀. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, mo ti ní kírẹ́díìtì mẹ́fà báyìí, Gẹ̀ẹ́sì, Ìṣirò àti Kẹ́mísírì sì wà nínú wọn. Kì í ṣe torí ara mi, nígbà náà, ni mo ṣe ń kọ lẹ́tà yìí. Mò ń kọ ọ́ nítorí àwọn tó máa ń wá kan ilẹ̀kùn mi lálẹ́ láti béèrè bí mo ṣe ṣe é, tí ojú sì ń tì mí láti sọ fún wọn pé oore ọ̀fẹ́ ẹnì kan ló jẹ́ kí n ṣe é yọrí.

Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ bẹ̀bẹ̀ fún, mo sì fẹ́ sọ ọ́ kí n tó ṣàlàyé ìdí rẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, kí ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ṣí láàbù àti yàrá kọ̀ǹpútà ilé ẹ̀kọ́ girama kan, ó kéré tán, nílùú Òṣogbo, ní gbogbo ọjọ́ Sátidé, fún àwọn tó ń dá kàwé nílé láti gba ìwé ẹ̀rí àṣejáde girama, kí olùkọ́ kan sì wà níbẹ̀ tí yóò máa tọ́ wọn sọ́nà.

Àwọn mẹ́sàn-án ni a jọ wà nínú ẹgbẹ́ tí a dá sílẹ̀ lórí WhatsApp. Ọ̀kan ń ránṣọ ní Òkè-Fíà, ọ̀kan ń tún mọ́tò ṣe lójú ọ̀nà Gbọ̀ngán, ìyá kan ń ta èlùbọ́ ní ọjà Ìgbọ́nà. Ọkùnrin kan wà nínú wọn tó ń ṣọ́ ilé lóru. Abẹ́ iná ẹnu ọ̀nà ọ̀gá rẹ̀ ló ti ń kàwé, tí iná bá sì lọ, á máa sọ ohun tó ti kà sí ara rẹ̀ létí títí iná yóò fi dé. Ọmọ ọdún 19 ni èyí tó kéré jù lọ láàárín wa, ìyá elélùbọ́ ló sì dàgbà jù, ó ti pé ọdún 47. Kò sí èyí tó lè padà wọ yunifọ́ọ̀mù, kó máa tò lórí ìlà láàárọ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọdé. Kíláàsì ẹ̀kọ́ àgbà tí a mọ̀ ládùúgbò wa kì í sì í kọjá mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà. Ẹ̀kọ́ tí èèyàn ń jókòó sílé kọ́, tí ó ń bá ìwé, fóònù àti rédíò ṣe wọléwọ̀de, nìkan ni ọ̀nà tó ṣẹ́kù fún wọn.

Àwọn kan máa ń fojú ẹ̀kọ́ ọ̀lẹ wo irú ẹ̀kọ́ yìí. Wọ́n gbàgbé pé Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ gba oyè B.Com ti Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1944 nígbà tó ṣì wà ní Nàìjíríà níbí, tó ń kàwé láàárín òwò àti gbèsè, kó tó wọkọ̀ lọ kọ́ òfin lókè òkun. Wọ́n gbàgbé pé ọ̀pọ̀ olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ló gba ìwé ẹ̀rí NCE wọn lọ́dọ̀ National Teachers' Institute ti Kàdúná, nípa ètò ọ̀nà jíjìn, tí wọ́n ń kọ́ ọmọ lọ́jọ́ iṣẹ́ tí wọ́n sì ń kọ́ ara wọn lópin ọ̀sẹ̀. Yunifásítì NOUN, ìyẹn National Open University tí èèyàn ti ń kàwé láti ilé, tí ìjọba ológun tì pa lọ́dún 1984 tí wọ́n sì tún jí dìde lọ́dún 2002, ní ojúkò ẹ̀kọ́ nílùú wa níhìn-ín. Ẹni tó bá wọ ibẹ̀ rí ibi tí yóò ti béèrè ọ̀rọ̀, ó rí ibi tí yóò ti ṣe ìdánwò. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lè wọ ibẹ̀ bí kò bá ní kírẹ́díìtì márùn-ún tí kò ju ìdánwò ẹ̀ẹ̀mejì lọ, kírẹ́díìtì márùn-ún yìí gan-an ni kò sì sí ojúkò kankan fún. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì wà, àkàsọ̀ ni kò sí.

Kí n tó dé ọ̀rọ̀ láàbù, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun kan tó pa mí lẹ́kún, nítorí ó ṣì ń ṣẹlẹ̀ sí àwọn ẹlòmíràn. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ pinnu láti padà sídìí ìwé, mo rí ìpolówó ẹ̀kọ́ kan lórí fóònù mi. Wọ́n ní oṣù mẹ́fà péré ni, wọ́n ní èèyàn kò ní kúrò nílé, wọ́n ní tó bá parí, wọn yóò fún un ní ìwé ẹ̀rí àṣejáde girama tí gbogbo ayé mọ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo dá owó náà san, èrè àdìrẹ ọdún iléyá kan ló sì bá a lọ. Mo ka ẹ̀kọ́ náà tọkàntọkàn, n kò sì ní purọ́ mọ́ wọn, àwọn nǹkan kan yé mi nínú rẹ̀. Ìwé ẹ̀rí náà dé pẹ̀lú òǹtẹ̀ aláwọ̀ wúrà. Mo ṣe férémù fún un, mo gbé e kọ́ ògiri, àwọn ọmọ mi sì ń fi han àlejò. Ọjọ́ tí mo mú un lọ béèrè nípa ìgbaniwọlé, obìnrin tó gba ìwé náà lọ́wọ́ mi kà á tán, ó ní kí n jókòó ná, ó wá fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ fún mi pé kò sí ilé ẹ̀kọ́ gíga kan ní Nàìjíríà tí yóò gbà á.

Ohun tí n kò mọ̀ nígbà náà, tí kò sì sẹ́ni tó sọ ọ́ fún mi, ni pé ẹ̀kọ́ lọ́tọ̀, ìwé ẹ̀rí lọ́tọ̀. Ẹni tó ń ta ẹ̀kọ́ ọ̀nà jíjìn lè kọ́ èèyàn dáadáa, ṣùgbọ́n kò ní agbára láti fún un ní ìwé ẹ̀rí ìwé mẹ́wàá. Àjọ tó ń ṣe ìdánwò ló ni agbára yẹn: WAEC, tó ti wà láti ọdún 1952, NECO, tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ lọ́dún 1999, àti NABTEB, pàápàá fún àwọn tó ń kọ́ iṣẹ́ ọwọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí a ti mú ìlànà ìdánwò yìí wá. Ẹni tó bá ra ẹ̀kọ́ GCSE, ìyẹn ìdánwò girama tiwọn, tó ń kọ́ nílé níbẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ni yóò wá ilé ẹ̀kọ́ tó máa gbà kó wá ṣe ìdánwò lọ́dọ̀ wọn, àjọ ìdánwò ni yóò sì fún un ní èsì. Bí olùkọ́ kan bá wà lórí àga lọ́jọ́ Sátidé tí mo lè lọ bá kí n tó san kọ́bọ̀, ìṣẹ́jú márùn-ún ni ìbá fi ṣàlàyé ọ̀rọ̀ yìí fún mi. Mo ti yọ férémù náà kúrò lára ògiri. Ìwé tó wà nínú rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ mi, òun ni mo máa ń fi han ẹnikẹ́ni tó bá wá sọ fún mi pé òun rí ẹ̀kọ́ kan lórí fóònù.

Nígbà tí mo tún bẹ̀rẹ̀, sílábọ́ọ̀sì ni mo kọ́kọ́ wá. WAEC ní ojúewé ẹ̀kọ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí kì í gba owó, ìbéèrè ọdún tó ti kọjá wà níbẹ̀, ìròyìn àwọn ọ̀gá tó ń yẹ ìwé ìdánwò wò náà sì wà níbẹ̀. Ìròyìn yẹn ṣe mí láǹfààní ju gbogbo ìwé tí mo rà lọ, nítorí pé lórí ìbéèrè kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ti ń sọ ibi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ṣìnà: wọn kò kọ ìwọ̀n tí wọ́n fi wọn nǹkan, wọn kò dáhùn ohun tí wọ́n bi wọ́n, wọ́n kọ lẹ́tà sí ọ̀gá bí ẹni ń kọ ọ́ sí ọ̀rẹ́. Mo máa ń kà á lálẹ́ bí ẹni tí olùkọ́ ń bá wí. Lẹ́yìn náà ni ọmọ ẹ̀gbọ́n mi fún mi ní Ọpọ́n Ìmọ̀, tábúlẹ́ẹ̀tì ẹ̀kọ́ tirẹ̀ tí kò lò mọ́, ọ̀kan nínú èyí tí ìjọba ìpínlẹ̀ yìí pín fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ girama àgbà láti ọdún 2013. Ìwé ẹ̀kọ́ wà nínú rẹ̀, ìbéèrè WAEC àti JAMB wà nínú rẹ̀, kò sì nílò dátà rárá. Bátìrì rẹ̀ ti bàjẹ́ débi pé n kò lè yọ ọ́ lára iná, síbẹ̀ mo kà á títí tí ojú rẹ̀ fi kú. Mo ń dárúkọ rẹ̀ nítorí pé ó fi hàn pé ìjọba ìpínlẹ̀ yìí ti gbà nígbà kan rí pé akẹ́kọ̀ọ́ lè gbé ẹ̀kọ́ rẹ̀ kúrò nínú kíláàsì lọ sílé.

Kẹ́mísírì ni mo bẹ̀rù jù, òun náà sì ni mo wá fẹ́ràn jù. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀, torí mo gbà pé ó kan ìlú wa ní pàtàkì. Mo dé ibi tí ìwé ti ń sọ̀rọ̀ nípa bí ọ́síjìn ṣe ń wọ inú nǹkan tàbí bí wọ́n ṣe ń gbà á kúrò, mo kà á lẹ́ẹ̀mẹrin, kò yé mi. Ní ọjọ́ kejì, mò ń po aró. Mo da kọ́ósítíìkì sínú omi, mo da háídíróòsì, kẹ́míkà tí aláró fi ń jẹ́ kí aró yọ́, tẹ̀lé e, mo da aró sí i, mo sì dúró kí ó mú bí a ti máa ń ṣe. Gbogbo ọmọ aláró ló mọ̀ pé aṣọ kì í dúdú nínú ìkòkò. Tí ẹ bá fà á jáde, àwọ̀ ewé tó fẹ́ pọ́n ló máa ń ní, afẹ́fẹ́ ló ń sọ ọ́ di aró lójú ẹni, díẹ̀díẹ̀, láti etí aṣọ wọ àárín. Mo dúró ti aṣọ náà lọ́wọ́ mi, mo sì gbọ́ ohun tí ìwé ń sọ. Háídíróòsì ló ṣe ìdàkejì iṣẹ́ ọ́síjìn lára aró, tó yí i padà kó lè yọ́ sínú omi, kó sì wọ inú òwú. Ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ ló wá bá a lára aṣọ, tó dá a padà sí bó ṣe wà, tó mú kó dúdú, tó sì mú kó dúró síbẹ̀ tí omi kò fi lè fọ̀ ọ́ kúrò. Ìyá ìyá mi kò mọ háídíróòsì. Ewé èlú tí wọ́n gún tí wọ́n sì jẹ́ kó bà nínú omi eérú ló fi ń ṣe tirẹ̀, ìbà yẹn ló sì ń ṣe iṣẹ́ háídíróòsì, eérú ló ń ṣe iṣẹ́ kọ́ósítíìkì. Mo ti ń ṣe kẹ́mísírì láti kékeré láìmọ orúkọ rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, ìwé náà kò tún jẹ́ àjèjì sí mi mọ́.

Síbẹ̀, D7 ni mo gbà nínú Kẹ́mísírì nígbà tí mo kọ́kọ́ ṣe ìdánwò WAEC. Kírẹ́díìtì kò kọjá C6, D7 kò sì wúlò fún ohun tí mo ń wá. Ibi tí mo gbà pé mo ti ṣubú ni ìwé kẹta, ìyẹn ti àfọwọ́ṣe. Ẹ̀yin mọ̀ pé àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ máa ń wọ láàbù lọ fi ọwọ́ ara wọn ṣe é, ṣùgbọ́n àwa tí a ń dá ṣe ìdánwò, ìbéèrè lórí ìwé nípa àfọwọ́ṣe ni wọ́n máa ń fún wa. Wọ́n ṣe é láti rọ̀ wá lọ́rùn, nítorí wọ́n mọ̀ pé a kò ní láàbù. Àmọ́ báwo ni èèyàn ṣe lè dáhùn ìbéèrè nípa ohun tí ojú rẹ̀ kò rí rí? Wọ́n ya búrẹ́ẹ̀tì, gíláàsì gígùn tín-ín-rín tí wọ́n fi ń wọn omi ní láàbù, sí inú ìwé, wọ́n ní kí n ka ibi tí omi dúró sí. N kò tíì fojú rí búrẹ́ẹ̀tì rí láyé mi. Mo kà á bí a ti ń ka ike ìwọ̀n ní ṣọ́ọ̀bù, láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Òdo búrẹ́ẹ̀tì wà lókè, ìsàlẹ̀ ni iye rẹ̀ ń pọ̀ sí. Ibi tó yẹ kí n ka 23.40, mo ka 24.60 síbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ka ìyókù, gbogbo ìṣirò tí mo gbé kalẹ̀ lé wọn lórí sì wó pẹ̀lú wọn. Ìṣirò náà tọ̀nà o, mo mọ̀ ọ́n ṣe. Ohun tí mo fi ṣe é ni kò tọ̀nà.

Ẹnì kan ló gbà mí. Olùkọ́ sáyẹ́ǹsì ni, ní ilé ẹ̀kọ́ ìjọba kan tí n kò ní dárúkọ, nítorí n kò fẹ́ kí oore tó ṣe fún mi di ẹjọ́ sí i lọ́rùn. Ó wá ra àdìrẹ lọ́wọ́ mi, ó rí ìwé lórí àpótí, a wá bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ Sátidé kan, ó ní kí n pàdé òun. Wákàtí méjì ààbọ̀ ni a lò nínú láàbù náà. Ó jẹ́ kí n fọ búrẹ́ẹ̀tì, kí n kún un, kí n tẹ̀ mọ́lẹ̀ títí ojú mi fi bá ojú omi náà dọ́gba, kí n rí bí ojú omi ṣe tẹ̀ wọnú láàárín, kí n sì ka ìsàlẹ̀ ibi tó tẹ̀ wọnú náà. Mo fi pìpẹ́ẹ̀tì fa omi. Mo rí bí àwọ̀ pupa fẹ́ẹ́rẹ́ inú omi náà ṣe parẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, pẹ̀lú ẹ̀kán kan péré, tí mo sì ké ní ohùn rara bí ọmọdé. Ó ní kí n tún un ṣe. Mo ṣe é lẹ́ẹ̀mẹrin, títí iye mẹ́ta fi bá ara wọn mu. Wákàtí méjì ààbọ̀ yẹn ṣe ohun tí ọdún méjì tí mo fi ń wo fídíò lórí fóònù kékeré kò lè ṣe. Ìdánwò NECO tí mo ṣe lópin ọdún yẹn ló fún mi ní C4 nínú Kẹ́mísírì.

Ẹ̀yin ọlọ́lá, ìdí tí mo ṣe ń kọ̀wé sí yín nìyẹn. Oore yẹn kò yẹ kó jẹ́ oore. Kò yẹ kó jẹ́ pé ẹni tí olùkọ́ bá wá ra aṣọ lọ́wọ́ rẹ̀ nìkan ni yóò mọ ibi tí òdo búrẹ́ẹ̀tì wà. Láàbù náà ń dúró lófo lọ́jọ́ Sátidé, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ń bẹ nínú àpótí tábìlì ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́, ìyá elélùbọ́ sì ń gbìyànjú láti fojú inú ya ohun èlò tí kò rí rí sínú ìwé rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà tún ti wá fi kún un. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024 ni WAEC kọ́kọ́ gbé ìdánwò àwọn tó ń dá ṣe é lọ sórí kọ̀ǹpútà. Ìbéèrè tí a ń yan èsì rẹ̀ ń bẹ lójú kọ̀ǹpútà, ibẹ̀ ni a ti ń dáhùn rẹ̀. Ìbéèrè tí a ń kọ àlàyé fún náà ń hàn lójú kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n inú ìwé ni a ti ń dáhùn rẹ̀. Ó dára, n kò lòdì sí i, ó lè dín ojúṣàájú àti èrú kù. Àmọ́ ẹ fojú inú wo aránṣọ wa ti Òkè-Fíà, ẹni tó lè fi ọwọ́ kan gé aṣọ ọ̀pá mẹ́fà láìfi tépù wọ̀n ọ́n, tó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀ nínú yàrá ìdánwò, tí aago ń sọ̀kalẹ̀ lójú rẹ̀, tí kò sì mọ bí yóò ṣe gbé máòsì náà. Ó ní òun rò pé òun ti tẹ bọ́tìnnì, ó ti fò ìbéèrè méje kọjá. Gẹ̀ẹ́sì ni ìdánwò ọjọ́ náà, ohun tó sì mọ̀ jù lọ nìyẹn. Ìlú tí àwọn ọmọ girama ti ń fi kọ̀ǹpútà ilé ẹ̀kọ́ dánra wò fún JAMB kò yẹ kó jẹ́ kí irú èyí ṣẹlẹ̀ sí àgbàlagbà tó ti san owó ìdánwò rẹ̀ látinú ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀.

Mo gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀ nípa àwọn sẹ́ńtà ìyanu náà, níbi tí wọ́n ti ń gbowó láti ṣe èrú ìdánwò fún èèyàn, torí bí n kò bá sọ ọ́, lẹ́tà yìí kò ní pé. Ẹ mọ̀ wọ́n, ẹ ń bá wọn jà, mo sì ń gbàdúrà kí ẹ borí. Ẹni tó pe ara rẹ̀ ní aṣojú wọn ti bá mi náà, ó ní kí n san ìlọ́po mẹ́ta, kí n má wulẹ̀ yọ ara mi lẹ́nu mọ́. N kò gbà. Ṣùgbọ́n n kò lè bá àwọn tó gbà wí bí ẹni tí kò mọ ohun tó mú wọn dé ibẹ̀. Ẹni tó kàwé lọ́dún méjì, tó gba D7 nítorí ohun tí kò sí nínú agbára rẹ̀ láti rí, tó tún rí ẹni tó ní òun yóò ṣí ilẹ̀kùn fún un, ìdánwò ńlá ni ti ẹni bẹ́ẹ̀. Bí ìjọba bá fẹ́ kí àwọn sẹ́ńtà yẹn pa ilẹ̀kùn wọn dé, kí ìjọba náà ní ilẹ̀kùn kan tó ṣí.

Mo ti gbìyànjú láti ronú nípa ohun tí àwọn olùdámọ̀ràn yín lè sọ. Wọ́n lè sọ pé nǹkan yóò fọ́ ní láàbù. Yóò fọ́. Àwa náà mọ iye tí gíláàsì ń jẹ, a sì ti fohùn ṣọ̀kan láàárín ara wa pé a lè máa dá owó kékeré ní Sátidé kọ̀ọ̀kan fún èyí tó bá fọ́ àti fún kẹ́míkà tí a bá lò, kí ilé ẹ̀kọ́ kọ ọ́ sínú ìwé, kí ẹ sì yẹ̀ ẹ́ wò. Wọ́n lè sọ pé olùkọ́ kò ní fẹ́ ṣiṣẹ́ lópin ọ̀sẹ̀. Ọ̀pọ̀ wọn ló ti ń ṣiṣẹ́ lópin ọ̀sẹ̀ tẹ́lẹ̀, nínú lẹ́sìn aládàáni. Bí ìjọba bá fi àjẹmọ́nú díẹ̀ kún un, tí ó sì ka wákàtí náà mọ́ iṣẹ́ wọn, mo gbà pé a óò rí ẹni tó máa fẹ́. Olùkọ́ kan fún sáyẹ́ǹsì, ẹnì kan fún kọ̀ǹpútà, àti, bó bá ṣeé ṣe, ẹnì kan tí yóò máa ka àròkọ Gẹ̀ẹ́sì wa kí ó sì fi bírò pupa sí i. Èmi kò mọ ohun tó ń dun ẹni tó ń dá kàwé ju èyí lọ: kí ó kọ àròkọ ogójì láàárín ọdún kan, kí ó má sì sí ojú kan tó kà á.

Ibì kan wà tí wọ́n ti ń ṣe irú èyí tó ti pẹ́. Íńdíà bẹ̀rẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ ìṣísílẹ̀ wọn (open school) lọ́dún 1979 gẹ́gẹ́ bí ìdánrawò lábẹ́ àjọ ìdánwò kan, wọ́n sọ ọ́ di àjọ tó dá dúró lọ́dún 1989, NIOS ni wọ́n sì ń pè é lónìí. Ẹni tó bá forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn ń kàwé nílé, ṣùgbọ́n wọn kò kọ́ ilé tuntun fún un. Àwọn ilé ẹ̀kọ́ tó ti wà nílẹ̀ ni wọ́n fún ní àṣẹ láti máa gba irú akẹ́kọ̀ọ́ bẹ́ẹ̀ lálejò, kí ó wá pàdé olùkọ́, kí ó sì wá ṣe iṣẹ́ láàbù rẹ̀ níbẹ̀. Namibia náà fi òfin dá NAMCOL, ilé ẹ̀kọ́ ọ̀nà jíjìn tiwọn, sílẹ̀ lọ́dún 1997 fún àwọn tí kò lè wà nínú kíláàsì lójoojúmọ́. Àwa kò béèrè àjọ tuntun, a kò béèrè òfin tuntun. Kọ́kọ́rọ́ ni à ń béèrè.

Ibi tí ẹ ti lè bẹ̀rẹ̀ kò ṣòro rí. Ilé Ẹ̀kọ́ Sáyẹ́ǹsì Atáọ́ja wà nílùú, orúkọ rẹ̀ nìkan ti sọ ohun tí wọ́n dá a sílẹ̀ fún. Ilé ẹ̀kọ́ girama ìjọba tí wọ́n kọ́ fún ẹgbẹ̀ẹ́dógún (3,000) akẹ́kọ̀ọ́, tí Ààrẹ Muhammadu Buhari wá ṣí lóṣù kẹsàn-án ọdún 2016, náà wà níbẹ̀. Èyíkéyìí tí ẹ bá yàn lára ilé ẹ̀kọ́ ìlú wa, a óò dé ibẹ̀, ìbáà ṣe ẹsẹ̀ la fi rìn. Bí ẹ bá sì fẹ́ dán an wò fún sáà kan ṣoṣo kí ẹ tó pinnu, ẹ jẹ́ kó jẹ́ láti oṣù karùn-ún sí oṣù kẹwàá, kí àwọn tó fẹ́ ṣe ìdánwò NECO òpin ọdún lè rí i lò, kí ẹ sì fi èsì wọn wé ti àtẹ̀yìnwá.

Ohun kékeré kan ló kù. Bí ẹ bá ṣí i, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n kéde rẹ̀ ní Yorùbá lórí rédíò Ilé Àwíyé, ní àárọ̀ kùtù, nígbà tí àwọn ọlọ́jà ń pàtẹ tí àwọn mẹ́káníìkì sì ń ṣí ṣọ́ọ̀bù. Àwọn tó nílò rẹ̀ jù lọ kì í sí lórí ìkànnì ìjọba. Ìyá elélùbọ́ ti ní kí n sọ fún yín pé òun yóò fi ọjọ́ Sátidé sílẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọjọ́ náà ló ń tà jù. Ọlọ́dẹ wa ní òun yóò ti ẹnu iṣẹ́ wá tààrà. Èmi náà yóò wá, bí olùkọ́ bá gbà mí láàyè, láti fọ búrẹ́ẹ̀tì àti láti fi ibi tí òdo wà han ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé.

À ń retí èsì yín.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,
Aláró kan, ní Òṣogbo.